Bánkì Pe Ilé Bàbá Wa Lẹ́jọ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún yín kí ẹ tó jẹun, nítorí inú ṣì ń bí mi.

Nínú àlá náà, mo ṣílẹ̀kùn kí n lọ gbálẹ̀, n kò bá ilé wa mọ́. Ilẹ̀kùn nìkan ló dúró. Ó ní, “Ilé ti lọ sí kóòtù. Bánkì pè é lẹ́jọ́.”

Mo ní, “Ṣé ó wọ bàtà?”

Ó ní ó wọ̀ ọ́. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Kóòtù ń léfòó lókè odò, mo fi àkàbà gùn ún. Mo bá ilé wa níwájú adájọ́, ó pa gbogbo fèrèsé rẹ̀ dé bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà. Màmá wa ṣì wà nínú yàrá òkè, wọ́n ń ká aṣọ, wọn ò mọ̀ pé ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́.

Lọ́yà bánkì, Àjíbóyè, dìde. “Olúwa mi, bàbá wọn fi ilé yìí dógò yá owó, wọn ò san án tán. A fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé bàbá lọ́wọ́, wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọn ò yọjú.”

Mo figbe ta. “Bàbá wo? Bàbá tó kú láti ọdún mẹ́sàn-án! Iwájú ilé la sin wọ́n sí!”

“Ibẹ̀ náà la ti bá wọn. Wọ́n wà nílé.”

Adájọ́ mi orí, wọ́n pe ibojì bàbá mi wá jẹ́rìí. Ó wọlé pẹ̀lú táìsì funfun rẹ̀, àgbàdo tí màmá sá sórí rẹ̀ kò tíì gbẹ.

“Ṣé o gba ìwé?”

Ibojì ní, “Wọ́n gbé nǹkan kan lé mi láyà. N kò mọ̀wé kà.”

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà á. Ẹ gbọ́ ìwà ìrẹ́jẹ!

Mo fa rìsíìtì àsantán yọ. Lọ́yà ní bánkì tí a sanwó fún ti ta gbèsè náà fún bánkì mìíràn kí a tó san án.

Mo ní, “Ìwé tí wọ́n fi tà á ńkọ́?”

“Ó sọnù. Ṣùgbọ́n mo ti búra pé mo rí i kó tó sọnù.”

Ó ní kí n mú rìsíìtì wá kí òun wò ó. Bó ṣe gbà á báyìí, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀, irùngbọ̀n yọ, ó di ewúrẹ́, ó sì jẹ rìsíìtì mi. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó dùn mí ni pé kò tilẹ̀ yára jẹ ẹ́.

Adájọ́ ní, “Kóòtù kò rí rìsíìtì kankan. Ẹ lu ilé náà ní gbàǹjo.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilé wa. Màmá yọjú lójú fèrèsé. “Àwẹ̀ró, ta ló ń mi ilé tí mo wà nínú ẹ̀?” Ẹkún ni mo sun jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo gbọ́ tí nǹkan ń run nǹkan níta. Mo jáde, mo bá ewúrẹ́ Bàbá Wàhábì, aládùúgbò wa, lórí ibojì bàbá wa. Kò fọwọ́ kan àgbàdo. Ìwé kan ló ń jẹ, tí ẹnìkan fi ẹ̀kọ lẹ̀ mọ́ táìsì. Mo já èyí tó kù gbà: òǹtẹ̀ kóòtù, orúkọ bánkì, orúkọ bàbá mi, àti “kí o yọjú ní ọjọ́…” Ibẹ̀ ló ti gé e jẹ.

Mo di ẹnu ewúrẹ́ mú. “Pọ̀ ọ́! Ọjọ́ wo ni? Mo ní kí o pọ̀ ọ́!”

Màmá ṣí fèrèsé òkè. “Àwẹ̀ró, ta lò ń bá jà láàárọ̀ kùtù yìí?”

Mo ní, “Lọ́yà bánkì ni, mà.”