Èjìká Òsì

Ewúrẹ́ kan ló sá gba iwájú ọ̀kadà Sétónjì kọjá lójú títì ìlú Bohicon. Ó ṣubú, ọwọ́ ọ̀kadà sì gún un níhà òsì, àmọ́ kò ṣẹ̀jẹ̀ rárá. Ní ọsibítù, Dókítà Tosu, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, ó ní nǹkan ti ya lábẹ́ ìhà, ẹ̀jẹ̀ ń sun sínú. Ó lè jiná fúnra rẹ̀ bí kò bá kúrò lórí ibùsùn. Bí kò bá jiná, wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, wọ́n ń fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ léraléra.

Dókítà pe Ablawa, ìyàwó Sétónjì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ikùn máa ń tan èèyàn jẹ. Bí ọkọ yín bá ti ní èjìká òsì ń ro òun, ẹ̀jẹ̀ ló ń kún inú rẹ̀ yẹn, ẹ pè mí kíá, kódà bí inú kò bá run ún."

Nígbà tí ìrora náà rọlẹ̀ tán, ọjọ́ ìsìnkú bàbá Ablawa pé. Àna gbọ́dọ̀ gbé aṣọ òkú wá, kó sì jó níwájú èrò. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ò bá wá, orin ló máa dà lẹ́nu ẹbí. Ẹ̀gbọ́n Ablawa ti ránṣẹ́ pé ọkọ tòun ti gba akọrin láti abúlé méjì. Ó ní ti Ablawa ńkọ́, àbí ibùsùn ọsibítù ló fẹ́?

Ablawa kò sọ fún Sétónjì pé kó dìde. Ó kàn tẹ́ aṣọ náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Sétónjì wo aṣọ, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Bàbá ẹ ló fún mi níyàwó," ó ní. "Bá mi wá bàtà mi."

Nílé òkú ní abúlé, ó jó. Ẹ̀gbọ́n pàápàá pàtẹ́wọ́. Lágbedeméjì ijó, Sétónjì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé èjìká òsì, ó ń fi ọwọ́ ra á. Ablawa rí i, ọ̀rọ̀ dókítà sì sọ sí i lọ́kàn. Àmọ́ àwọn akọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dárúkọ Ablawa ni. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé kí wọ́n parí orin yìí ná. Ojú ayé ni, ojú ayé burúkú.

Orin kò tíì parí tí Sétónjì fi kúnlẹ̀, òógùn bò ó, ikùn rẹ̀ le bíi pákó. Kí wọ́n tó gbé e dé Bohicon, ó ti kú.

Lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, àwọn ẹbí ń sọ pé irú àna bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé àwọn náà yóò gbé aṣọ òkú tirẹ̀ wá. Ìyìn náà korò létí Ablawa ju ewúro lọ.

"Èjìká rẹ̀ ńkọ́?" Dókítà Tosu bi í lẹ́bàá òkú. "Ṣé ó ro ó?"

"Rárá o," Ablawa ní. "Mi ò rí i kó fọwọ́ kàn án."

Dókítà kò tíì béèrè nípa ọwọ́. Ó wo Ablawa títí, ó sì fa aṣọ bo ojú òkú.