Awakọ̀ Tí Kì Í Dúró

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Kòdúró fi wa bọ́ọ̀sì, kò pẹ́ dé ibùdókọ̀ kan rí. Àwọn èrò tó máa ń sáré tẹ̀ lé e lásán ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọjọ́ tó fẹ̀yìntì ni wàhálà ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọkùnrin náà kò lè jókòó. Á gbé àga síbí, á gbé e sọ́hùn-ún, á nu fèrèsé tí wọ́n ti nù láàárọ̀, á wá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó tú gbogbo ìkòkò ìyàwó rẹ̀ tò láti kékeré dé ńlá, obìnrin náà ní kó yáa wá ibi tí yóò máa lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun lòun máa lọ.

Bó ṣe di ẹni tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ nílé ìwòsàn nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, láìgba kọ́bọ̀, ó ń fi àga onítáyà ti àwọn aláìsàn láti wọ́ọ̀dù lọ síbi àyẹ̀wò. Ẹ má rò pé àánú ló gbé e débẹ̀ o. Ẹsẹ̀ ló ń yún un. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kọ ìṣẹ́jú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Bó bá ti gbé aláìsàn dé ẹnu ilẹ̀kùn, á ní, “Ibùdókọ̀ yín rèé, ẹ rọra sọ̀,” á sì yí padà. Lójú tirẹ̀, èrò tó bá ti sọ̀ ti kúrò lọ́rùn awakọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́ fún Kòdúró?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbé màmá arúgbó kan, olùkọ́ àtijọ́ tí apá rẹ̀ ṣẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbé e mọ́, lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán eegun. Kò kan ilẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Àṣé wọ́n ti kó ẹ̀rọ náà lọ sókè láti àná. Aago mẹ́wàá ló fi màmá síbẹ̀, aago kan ti lù kí agbálẹ̀ kan tó rí i. Màmá ti tọ̀ sára. Kò pariwo, nítorí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kìlọ̀ fọ́mọdé pé wọn kì í pariwo lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà pe Kòdúró. “Bàbá, èèyàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe èrò ọkọ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ ó dá káàdì ìyọ̀ǹda tó wà lọ́rùn yín padà.”

Ojú tì í gan-an. Bí wọ́n bá gba káàdì yẹn, inú ilé ló kù, òun àti fèrèsé.

Lọ́jọ́bọ̀, màmá náà ló wà lókè ìwé orúkọ àwọn aláìsàn tó fẹ́ gbé: dókítà fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí àwòrán apá rẹ̀. Kòdúró bẹ̀ ẹ́ títí. Màmá ní òun ti gbọ́, àmọ́ kó kan ilẹ̀kùn lónìí. Ó kàn án, wọ́n ṣí i, wọ́n gbé màmá wọlé. Aláìsàn mẹ́ta mìíràn ń retí rẹ̀, àmọ́ ó ti ṣèlérí fún màmá pé òun ò ní kúrò. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ó wo aago, ó ka ìkìlọ̀ iná tó wà lára ògiri títí ó fi há a sórí, ó tún wo aago.

Nígbà tí wọ́n gbé màmá jáde, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

“Wọ́n ní kì í ṣe pé mo ṣubú nìkan. Àrùn ti wà nínú eegun náà tipẹ́.” Ó wo apá rẹ̀. “Ọmọ mi ń dúró dè mí ní wọ́ọ̀dù. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.”

Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni wọ́ọ̀dù. Kòdúró, tí kò yà kúrò lọ́nà rí, yí àga sápá òsì. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó gba ibi tí wọ́n ń fọ aṣọ, ó yí gbogbo ilé náà ká. Màmá ń dán ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu: “Ọmọ mi, dókítà ní…” Á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà kẹta, nọ́ọ̀sì àgbà ti dúró dè wọ́n lẹ́nu wọ́ọ̀dù. Kòdúró yọ káàdì lọ́rùn, ó nà án sí i. Obìnrin náà wo ojú màmá. Ó bi Kòdúró léèrè ibi tí àwọn aláìsàn mẹ́ta yòókù wà, ó sì lọ tì wọ́n fúnra rẹ̀. Káàdì ṣì wà lọ́wọ́ Kòdúró.

Màmá fi ọwọ́ rẹ̀ kejì tí kò ṣẹ́ di ọwọ́ Kòdúró mú. “Ẹ bá mi wọlé.”

Ọmọ màmá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kòdúró ti àga dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wá àga kan fún ara rẹ̀, ó jókòó.