Iṣẹ́ Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Ní ọdún 2010, fláàṣì kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ohun burúkú. Irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀kan ń pa fáírọ́ọ̀sì, ọ̀kan ń wá ohun tí èèyàn ti ṣèèṣì pa rẹ́, ọ̀kan ń gbá ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ, òmíràn ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe gbóná tó. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ọkùnrin kan tó ní kafé ní Ugbowo ló bá mi gbà wọ́n láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ní, “Ẹ máa lò ó, kò sí ẹni tó máa bi yín.”

Ẹ̀rù ṣáà ń bà mí. Títún taipuráítà ṣe ni iṣẹ́ tí mo kọ́, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Bí àwọn ará Siluko Road, níbi tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe kọ̀ǹpútà, bá wá mọ̀ pé ohun ọ̀fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, tí èmi kàn jókòó tì í ńkọ́? Àwọn oníbàárà wa kì í gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n lọ. Wọ́n máa ń jókòó, wọ́n máa ń wo ọwọ́ èèyàn, wọ́n sì fẹ́ rí òógùn. Nítorí náà, bí irinṣẹ́ bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, èmi á mú súkúrúdiráfà, màá tú ẹ̀rọ, màá mí kanlẹ̀, màá tún un dì.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni Màmá Títíloyè wọlé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, àwọn ló ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Airport Road. Wọ́n fi táwẹ́lì wé kọ̀ǹpútà wọn bí ọmọ tuntun.

“Bàbá Pẹ̀lúmi, ìbéèrè ìdánwò mi ti pòórá. Ti kíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀.”

“Ó pòórá báwo, mà?”

“Mo lọ tẹ ìwé kan jáde ní kafé lánàá. Mo délé, mo ki fláàṣì mi bọ ẹ̀rọ, gbogbo fóldà mi di àwòrán tó ní ọfà lára. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí.”

Mo wò ó. Mo mọ fáírọ́ọ̀sì yẹn. Kì í pa nǹkan rẹ́, ó kàn máa ń fi pamọ́ ni. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Màmá fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ èjìká mi, wọ́n mú ẹ̀pà jáde. “Mi ò kúrò níbí o. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù fún ẹnì kan tún ṣe, bátìrì tó bá a lọ kọ́ ló bá a bọ̀.”

“Ẹ jókòó, mà.”

Mo ki fláàṣì bọ̀ ọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, fáírọ́ọ̀sì ti kú, fóldà ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀pà ni Màmá ń bó, wọn ò rí i. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo yára pa ẹ̀rọ náà.

“Ṣé ẹ ti rí i?”

“Ó le díẹ̀, mà. A ní láti wo inú rẹ̀.”

Mo tú u. Mo yọ mẹ́mórì, mo fi írésà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò nu ẹnu rẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe.

“Kí nìyẹn?”

“Mẹ́mórì ni, mà.”

“Ibẹ̀ ni ìbéèrè mi wà?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀.

“Ẹ rọra nù ún o. Ìṣirò kíláàsì karùn-ún wà níbẹ̀.”

Mo dá a padà, mo tan ẹ̀rọ. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹta, ojú rẹ̀ dúdú. Mo pa á, mo tún tàn án. Ó tún ké. Òógùn tòótọ́ wá dé.

“Kí ló ń ké yẹn?”

“Ó ń kí wa ni, mà.”

“Ẹ̀rọ mi kì í kí èèyàn.” Wọ́n gbé ẹ̀pà sílẹ̀, wọ́n mú fóònù. “Akínwùmí, níbo lo wà? Mú ẹnì kejì rẹ dání. Mo wà ní Siluko Road, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ti fi írésà pa ìdánwò mi rẹ́.”

“Ta ni Akínwùmí, mà?”

“Àbúrò mi. Ọlọ́pàá ni.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ìbéèrè yín ti jáde láti ìgbà tí ẹ ti ń bó ẹ̀pà.”

“Ó jáde lọ síbo?”

“Ó wà nínú ẹ̀rọ. Fáírọ́ọ̀sì ni. Irinṣẹ́ inú fláàṣì yìí ló pa á, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọ̀fẹ́ ni. Mo kàn tú ẹ̀rọ yín kí ẹ lè rí i pé mo ṣiṣẹ́ ni.”

Akínwùmí ń pe “ẹlò, ẹlò” nínú fóònù.

“Ẹ tún un sọ,” Màmá ní. “Ẹ sọ ọ́ sókè.”

Mo tún un sọ.

“Kí ló wá dé tó fi dúdú?”

“Mi ò tẹ mẹ́mórì wọlé dáadáa. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.”

“Kí ló ń gbọ̀n ọ́n?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

Wọ́n fa bẹ́ǹṣì sẹ́yìn. “Mo ti sún. Ẹ tẹ̀ ẹ́.”

Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún kẹ́. Ẹ̀rọ tàn. Fóldà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò síbẹ̀. Màmá ṣí ti kíláàsì karùn-ún, wọ́n kà á tán, ètè wọn ń mì. “Ìbéèrè kẹta ò dáa. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì ò mọwọ́ mẹsẹ̀.” Wọ́n gbé fóònù sétí. “Akínwùmí, má wá mọ́. Ṣùgbọ́n má lọ jìnnà.”

Wọ́n wá mú bírò jáde. “Ẹ fi irinṣẹ́ yẹn sínú ẹ̀rọ mi, kí ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Olùkọ́ mọ́kànlá ni mo ní.”

Mo ro ti ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ro ti Akínwùmí. Mo kọ́ wọn.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, ọkùnrin báǹkì kan tí wọ́n ń pè ní Ọláyínká jókòó síta, kọ̀ǹpútà lórí itan rẹ̀. Màmá dúró tì í.

“Kí ló ṣe tiyín?”

“Fóldà ló pòórá, mà.”

“Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Ẹ má jẹ́ kó tú u.”

Ọláyínká wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká mi, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì kí àwa méjèèjì lè máa rí i. Mo rọra ti súkúrúdiráfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ rẹ̀.