Àwọn Tí Wọ́n Ń Kó Lọ sí Ilẹ̀ Lárúbáwá

Obìnrin náà fi ìka méjì ya ètè Rọ̀kíbátù, ó wo eyín rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ó sì fi tíṣù nu ìka náà.

"Eyín rẹ̀ dáa," ló wí. Ó di apá ọmọbìnrin náà mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò.

Oyinkọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹgbẹ́ onílé, ní Bàrígà. Bí òun gan-an ṣe máa ń tẹ ikùn ẹja wò létí ọ̀sà nìyẹn, kó tó ná an lọ́wọ́ àwọn apẹja.

Òun ló pariwo olè lánàá. Rọ̀kíbátù, tó ń bá àwọn ará àdúgbò fọṣọ, mú ẹja yíyan lórí ààrò rẹ̀, ó fi í sábẹ́ ìborùn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú un, wọ́n sì tì í mọ́ ibí. Ohun tí Oyinkọ́lá bá wá láàárọ̀ yìí kò ju kí ọmọ náà kúnlẹ̀, kó bẹ òun, kí wọ́n sì bá a wí.

"Wọlé, ìyàwó wa," ni alága, Bàbá Bọ́dúndé, wí. Ó ń jẹ mítípáì tí àlejò gbé wá, ọ̀rá ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀. "A ti dájọ́. A ò fa ẹnikẹ́ni lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Màdáámù Hadassah tẹ́ ẹ rí yìí ń kó wọn lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, wọ́n á lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́hùn-ún. Àdúgbò á mọ́ tónítóní."

Obìnrin méjì mìíràn wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan jí aṣọ ọmọ ọwọ́ ní Fádèyí. Èkejì kó bébà nílé ìtẹ̀wé tó ń bá wọn gbá, ní Bajulaiye.

"Ṣé àwọn fúnra wọn fẹ́ lọ?"

Hadassah rẹ́rìn-ín. "Ta ni ò fẹ́ lọ òkè òkun, mà? Àbí ẹ̀wọ̀n ló sàn?"

Nígbà náà ni Oyinkọ́lá rí i pé iwájú aṣọ Rọ̀kíbátù tutù, roboto, roboto. Hadassah náà rí i. Ó fi èékánná gún un níbẹ̀.

"Èyí ṣì ń fọ́mọ lọ́mú! Alága, ẹ ò sọ fún mi."

"Ọmọ wà lọ́dọ̀ aládùúgbò wọn. Ẹ fi ọ̀já dì í le, á gbẹ." Bàbá náà lá ìka rẹ̀.

Oyinkọ́lá gbé itọ́ mì, itọ́ náà korò. Lọ́fínńdà Hadassah, wàrà, ọ̀rá mítípáì, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ nímú rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń fọ ìfun ẹja, kò sí òórùn tó lé e sẹ́yìn rí. Èyí lé e.

"Èmi ni mo fún un lẹ́ja," ló wí.

"Kí lo wí? Ṣebí ìwọ lo pariwo?"

"Mo pariwo, sà. Mo gbàgbé pé mo ti ní kó wá mú un ni."

"O ń purọ́."

"Ẹni tó ni ẹja ló ń sọ̀rọ̀, bàbá. Àbí kí n pe gbogbo obìnrin etí ọ̀sà wá, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ ọmú yẹn sọ lójú wọn?"

"Ẹ jẹ́ kó máa mú un lọ," ni Hadassah wí. "Mi ò fẹ́ ariwo." Ó ti yíjú sí bẹ́ǹṣì, ó ní kí obìnrin Bajulaiye la ẹnu.

"Àwọn yẹn ńkọ́?"

"Ṣé ẹja tìẹ ni wọ́n jí?" ni alága bi í.

Oyinkọ́lá wo bẹ́ǹṣì náà, ó sì fa Rọ̀kíbátù jáde.

Níta, ó tutọ́ sínú gọ́tà, ó tún tutọ́, ẹnu rẹ̀ kò mọ́. Ó mú Rọ̀kíbátù lọ́wọ́, ó ń yára, kí alága má baà pèrò dà. Ọmọbìnrin náà ń tẹ̀ lé e láìwojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé oríta, ó dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí, "ilé ta ni ẹ ń mú mi lọ?"

Kò kọ́kọ́ yé Oyinkọ́lá. Ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú pinpin, bí ẹni di ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà mú.

Ó tú u sílẹ̀. Rọ̀kíbátù kò sá. Ó dúró síbẹ̀, ó ń retí àṣẹ.