Ẹ Má Dìde fún Ìyàwó

Orúnkún Ìyá Àgbà ti yarí, kò gbà kó dìde mọ́. Níbi ìgbéyàwó tó lọ kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo èèyàn dìde fún ìyàwó, ìdí wọn nìkan ló rí.

"Ìdí ńlá, ìdí pẹlẹbẹ!" ló wí fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ àyà Ìyá Àgbà ń já pé òun ò ní rí i nígbà tó bá ń wọlé.

Lọ́jọ́ náà, olùdarí ètò kéde pé, "Ìyàwó ní kí ẹnikẹ́ni má dìde o!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Àgbà rí i láti orí dé bàtà.

"Màmá, ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí ẹ kedere, ọmọ mi. O ṣeun. Ọmọ tìẹ náà á rántí ẹ."