Ohùn Obìnrin Nílé Àmínù

Bí ọkùnrin bá ń kó bátìrì tọ́ọ̀ṣì jáde nílé lọ́sàn-án gangan, ó yẹ kí ìyàwó rẹ̀ bi í pé níbo ni ilẹ̀ ti ṣú. Oyin kò bi í. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wọn ní Ajué, ó ń wo Elisha ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń ṣa bátìrì kúrò lórí ẹní tí wọ́n ń sá kòkó sí, tó ń kó wọn sápò bí ẹni jí ẹran nínú ọbẹ̀. Bátìrì tó ti kú ni wọ́n, tí wọ́n ń sá sóòrùn kí wọ́n lè jí díẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ti tún gbàjọba, bátìrì tuntun ti wọ́n bí ojú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti pẹ́ tí tọ́ọ̀ṣì ilé wọn ti tàn kẹ́yìn.

"Mo ń lọ sí Orè," Elisha ní. Kò gbé nǹkan kan dání tó fẹ́ tà.

"Ẹ kí wọn," Oyin dá a lóhùn. Kò sọ ẹni tí kó kí.

Ìfura loògùn àgbà, Oyin sì ti lo oògùn náà ní àlòjù lóṣù yẹn. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe yà ní kọ́nà, ó wọlé, ó fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn, ó yọ páálí rẹ́kọ́ọ̀dù tó wà nísàlẹ̀ aṣọ. Páálí náà fẹ́rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí àwo nínú rẹ̀.

Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú àwo yẹn lè ní kí ló ń dun Oyin. Lọ́dún Údójì, òun àti Ọláyídé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gberin fún ẹgbẹ́ akọrin Ọlọ́runnísọ̀lá, ní òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá ìkòríta Orè. Ayé gún nígbà náà. Irun wọn á dúró rìbìtì bí apẹ̀rẹ̀, ṣòkòtò bóńgò wọn á máa gbálẹ̀, bàtà gogoro á gbé wọn sókè débi pé ojú á máa ti ọkùnrin kúkúrú láti bá wọn jó. Awakọ̀ tó ń lọ sí Bìní á ní kóun dúró mu bíà kan péré, ilẹ̀ á mọ́ bá a níbẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ṣe kó tó tú ká, Ọláyídé ló sì dá orin àkọ́kọ́. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ló kú. Àwòrán rẹ̀ wà lára páálí, ṣùgbọ́n inú àwo yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ kù sí láyé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ní Kérésìmesì, ni Oyin máa ń yá ẹ̀rọ ìgbórin tíṣà abúlé láti fi gbọ́ ọ, kí abẹ́rẹ́ má baà tètè jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó jẹ́ kí Elisha lọ tán, ó wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Ní gáréèjì Orè, ṣọ́jà kan to àwọn èrò sórí ìlà pẹ̀lú kòbókò lọ́wọ́. Oyin náà tò títí wọ́n fi jẹ́ kó kọjá, ó wá yà sọ́dọ̀ Jàmíátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta kẹrosín.

"Ọkọ rẹ ti kọjá," Jàmíátù ní. "Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Àmínù ló máa ń wọ̀." Awakọ̀ ni Àmínù tẹ́lẹ̀. Nígbà tí táyà di góòlù, ó pa ọkọ̀ tì, ó ń tún rédíò ṣe.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Jàmíátù wo ilẹ̀. "Mi ò fẹ́ da ilé onílé rú. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn obìnrin. Ó ń kọrin."

Ara Oyin gbóná. Kí Elisha ní obìnrin níta, ìyẹn ò tíì pa èèyàn. Ṣùgbọ́n kó gbé ohùn ọmọ ìyá òun fún àlè kó máa fi kọ́rin, ojú òun kọ́ ni yóò ti ṣẹlẹ̀. Inú bí i débi pé kò kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá náà wọlé.

"Obìnrin náà dà?"

Àmínù àti Elisha nìkan ló lóṣòó síbẹ̀, giramafóònù kékeré wà láàárín wọn. Àwo náà wà lórí pákó, ó ká sókè létí bí ewé tí oòrùn pa.

"Obìnrin wo, Màmá Dáre?" Àmínù béèrè.

Elisha nawọ́ sí àwo náà. "Nígbà tó o lọ tọ́jú ìyá rẹ ní Àgọ́ Aláyé, mo rí i pé òjò ti jẹ́ kí àwo bu. Funfun ti hù sí i lára. Mo fẹ́ tún un ṣe kó o tó dé. Ohun tí mo máa ń ṣe sí kòkó tó bu ni mo ṣe sí i."

"Ẹ sá a sóòrùn?"

"Mo sá a. Mo tún yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ náà lè gbẹ."

Oyin fẹ́ gbá a létí. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo rí i pé o ń fura. Mo ní ó sàn kó o rò pé mo ní àlè. Ti àlè, èèyàn á bẹ̀bẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé èmi ni mo pa Ọláyídé lẹ́ẹ̀kejì?"

Àmínù nu abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Ó ti fi pákó àti òkúta tẹ àwo náà fún ọjọ́ pípẹ́. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó fi kọ́bọ̀ kan lé orí abẹ́rẹ́ kó má baà fò. Abẹ́rẹ́ fò síbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ orin lọ. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ọláyídé jáde, ó ń ròkè, ó ń rodò, bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn lọ́rì lójú ọ̀nà Araromi-Obu. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń kọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ti òde eré bọ̀, tí kòtò ọ̀nà ń gbé wọn sókè, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

"Ọma iye mi," Oyin fi èdè ìlú wọn pe ọmọ ìyá rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Orin kò tíì parí tí bátìrì fi rẹ̀. Ohùn náà wúwo, ó di ti ọkùnrin, ó dákẹ́. Elisha tú àwọn bátìrì, ó bojú wo ìta.

"Oòrùn ṣì wà," ó ní.

Oyin gbé àwo, ó fi ìró bò ó mọ́ àyà. "Bátìrì ni kẹ́ ẹ sá o," ó ní. "Bátìrì nìkan."