Ẹ̀kọ Àti Kànnì

Ọ̀bẹ yẹ̀ lórí igbá, ó la ọrùn ẹyẹ tí Mashood ń fín kọjá. Ọjọ́ méjì ló ti wà lórí ẹyẹ náà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó wò ó. Ó ń gbọ̀n.

"Mashood," Babátúndé, tí wọ́n jọ ń fín igbá, ké sí i lábẹ́ àtíbàbà, "ọtí àárọ̀ yìí ni, àbí ti àná ni kò tíì dá lójú ẹ?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mashood kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ọtí kò kan ẹnu rẹ̀ rí. Òun ni ládánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọdún kọkànlá rèé tó ti ń pe ìrun. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lójú gbogbo jàmáà, ó ta síwá, ó ta sẹ́yìn, ó di ògiri mú. Lèmọ́mù pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ dókítà, kí n kà á sétí jàmáà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa pe ìrun."

Oṣù kejì rèé tó ti ń ṣe é, àtìgbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Bí ara rẹ̀ ṣe ń yẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni Marufat ìyàwó rẹ̀ ń bu oúnjẹ rẹ̀ kún sí i. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SÁÀPÙ dé, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, ẹran ti kọjá agbára wọn, ẹja gbígbẹ pàápàá di ohun tí wọ́n kàn ń wò lọ́jà. Kànnì ló kù, kòkòrò onírun tí wọ́n ń kó lára igi, tí wọ́n ń yan.

"Ẹ jẹ ẹ́, Bàbá Haneefah," ni Marufat máa ń wí. "Òun lẹran wa báyìí. Yóò fún yín lágbára."

Mashood kó ọ̀bẹ rẹ̀ sápò, ó wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Ọ̀yọ́, ẹnì kan ti fún un lóògùn ibà, ẹnì kejì ní kó jáwọ́ nínú ọtí. Ó ti sú u. Ẹ̀rù sì ń bà á.

Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn níbẹ̀, Dorcas lorúkọ rẹ̀, kọ́kọ́ gbóòórùn ẹnu rẹ̀ ná. Ìyẹn dùn ún.

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀, Bàbá?"

"Ẹ̀kọ àti kànnì."

"Lálẹ́ àná ńkọ́?"

"Ẹ̀kọ àti kànnì."

"Níjẹta?"

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ wá máa se oúnjẹ fún mi ni?"

Dorcas rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ gbọ̀n wọlé wá lásìkò òjò. Àwọn dókítà ń fura sí kànnì yẹn, kò tíì dá wọn lójú ni. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀wà mọ́ ọn, tó ń rí ẹran jẹ, kì í sábà ṣe é ní nǹkan. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ lọ́pọ̀, tí kò sí nǹkan mìíràn ju ẹ̀kọ lọ, irú wọn la ń rí."

"Irọ́ ni! Ìkòkò kan náà lèmi àtìyàwó mi ń jẹ. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ dúró ṣinṣin!"

Nọ́ọ̀sì kó abẹ́rẹ́ jáde. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi Yorùbá kọ ìwé náà, wọ́n sì kọ ọ́. Nínú ọkọ̀, ó kà á díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ti kọ́ ọ ní ìwé kẹrin kó tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀: *Kì í ṣe ọtí. Oúnjẹ tó ń jẹ nílé ló jọ pé ó fà á.* Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kí Jímọ̀ ṣáà dé!

Ìrọ̀lẹ́ ló wọlé. Marufat gbé àwo méjì kalẹ̀, ó sì lọ bu omi. Mashood jókòó, ó ń wo àwo méjèèjì. Kànnì kún orí tirẹ̀ bámúbámú. Ti Marufat, ẹ̀kọ ni, àti ata.

"Kànnì tìrẹ ńkọ́?" ó nahùn sí i nídìí ìkòkò omi.

"Mo ti jẹ tèmi nídìí àdògán."

Èsì kan náà ló máa ń fún un, ṣùgbọ́n Mashood kò rí i kí ó jẹ ẹ́ rí. Marufat gbé omi dé, kò dà sílẹ̀ rárá.

"Ìwé yẹn ńkọ́? Kí ló wí?" Marufat kò mọ̀wé.

Mashood ń gbọ́ ohùn Lèmọ́mù lọ́kàn, bó ṣe máa kà á sétí jàmáà: *oúnjẹ tó ń jẹ nílé.* Ta ló ń sè é? Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò wí, wọn yóò sì máa wo Marufat lójú ọ̀nà odò. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohun tó wà nínú àwo tirẹ̀.

"Ó ní n kì í mutí."

"Alihamudulilahi! Ẹ tètè mú un fún Lèmọ́mù o."

Ó ká ìwé náà, ó tún un ká, títí ó fi kéré bí ìka, ó sì tì í bọ ìsàlẹ̀ àpò.

"Ó ní ká máa jẹ ẹ̀wà."

"Ẹ̀wà? Ta ni yóò rà á?"

Mashood ti àwo tirẹ̀ sẹ́yìn, ó na ọwọ́ gbígbọ̀n náà sínú ti Marufat, ó bu níbẹ̀. Ẹ̀kọ lásán. Ata. Ó jẹ ẹ́ pẹ́ lẹ́nu. Bí ó ti rí lẹ́nu Marufat nìyẹn, láti oṣù méjì.